Láti Paris Dé Venice: Bí Ọ̀rẹ́ Méjì Ṣe Lè Gbé Àpò Kọ́ Ẹ̀yìn, Kí Wọ́n Fi Ọkọ̀ Ojú Irin Rìn Ká Yúróòpù

Bí ọ̀rẹ́ méjì bá ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́, tí wọ́n sì fẹ́ fojú ara wọn rí Yúróòpù, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ní kí wọ́n wọ̀. Ẹ̀yìn ìlú ni bàálù sábà máa ń já èèyàn sí. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, wákàtí méjì ti bá àyẹ̀wò ẹrù lọ. Bí ẹ bá sọ̀ tán, owó ọkọ̀ tó máa gbé yín wọ ìgboro ṣì kù. Ọkọ̀ ojú irin ní tiẹ̀, àárín ìgboro ló ti ń gbéra, àárín ìgboro náà ló ń já èrò sí. Ní Köln, bí ẹ bá ṣe ń jáde ní ibùdókọ̀ báyìí ni Kölner Dom máa yọ sí yín, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1248, tí wọn ò kọ́ tán títí di 1880, tí ṣóńṣó orí rẹ̀ ga tó mítà 157. Ní Venice, àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ Santa Lucia sọ̀ kalẹ̀ sétí omi ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó èrò níwájú ibẹ̀.

Ìrìn tí mo fẹ́ là sílẹ̀ nìyí: Paris, Brussels, Köln, Berlin, Prague, Vienna, Venice. Ẹ ò ní sùn ní gbogbo wọn o. Òru mẹ́ta ní Paris, ọ̀kan ní Köln, mẹ́ta ní Berlin, méjì ní Prague, mẹ́ta ní Vienna, méjì ní Venice. Ní ti Brussels, ẹ kàn máa yà síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì rí ìlú méjìlá, ibùdókọ̀ méjìlá ló máa rí. Á rẹ̀ ẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àárẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tí ọ̀rẹ́ ń bára wọn jà lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jókòó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó sanwó kankan

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ò yẹ kó tú ọ̀rẹ́ méjì ká. Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ là sílẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ iye tó lè ná lóòjọ́ láìtijú, kí ẹ sì fi ti ẹni tówó rẹ̀ kéré jù ṣe ìwọ̀n. Bí ẹ bá fi ti ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù ṣe é, ẹnì kan á máa jẹ gbèsè lójú ọ̀nà, ẹnì kejì á sì máa rò pé òun lòun ń gbọ́ bùkátà.

Èyí tí mo rí i pé ó rọrùn jù ni àpò àjọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì dá iye kan náà, ká ní yúrò 50 ẹnì kọ̀ọ̀kan, sínú àpò kékeré kan. Inú rẹ̀ ni owó oúnjẹ, owó bọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti owó ibi ìkẹ́rùsí ti máa jáde. Ẹnì kan á mú àpò náà dání, ẹnì kejì á máa kọ ìnáwó sínú fóònù; bí ẹ bá ti dé ìlú mìíràn, ẹ pààrọ̀ iṣẹ́. Bó bá tán, ẹ tún dá òmíràn. Ohun ńlá bíi tíkẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì, kí kálukú san tiẹ̀. Báyìí, kò sẹ́ni tó máa jókòó lálẹ́ máa ṣírò ẹni tó ra búrẹ́dì láàárọ̀.

Lẹ́yìn owó, ẹ sọ̀rọ̀ oorun: ta ló ń jí ní aago mẹ́fà, ta ni kì í jí títí di mẹ́sàn-án, ta ló ń hanrun. Ẹ sọ ohun tí kálukú fẹ́ rí. Bí ọ̀kan bá fẹ́ràn musíọ́ọ̀mù, tí ọjà sì wu èkejì, ẹ gbà láti ilé pé ẹ máa pínyà fún ààbọ̀ ọjọ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún pàdé lálẹ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ò ní kà á sí pé wọ́n pa òun tì.

Ohun kan tún wà tí èèyàn kì í ronú kàn títí tó fi máa ṣẹlẹ̀. Kí lẹ máa ṣe bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá pa dé, tí ẹnì kan wà nínú, tí ẹnì kejì wà níta? Òfin tó dáa ni pé kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sọ̀ ní ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà bá dúró sí, kó sì dúró lórí pèpéle tó sọ̀ sí. Kí ẹni tó ṣẹ́kù wọ ọkọ̀ tó kàn lọ bá a. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láti máa wá ara yín, ẹ máa kọjá ara yín lójú ọ̀nà ni. Nítorí èyí, kí kálukú mú páásípọ́ọ̀tù tiẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ àti káàdì báńkì tiẹ̀ dání, kó sì kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa sùn sórí ìwé, torí fóònù lè kú. Ẹ ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù àti físà ara yín pamọ́ pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kejì: físà

Bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, físà Schengen lẹ máa gbà. Orílẹ̀-èdè 29 ni físà kan ṣoṣo yìí ṣí sílẹ̀ fún yín, gbogbo èyí tó wà lójú ọ̀nà wa sì wà nínú wọn. Ìlú Ọba àti Ireland ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Peckham tàbí Manchester ṣì ní láti gba físà yìí. Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba nìkan ò tó. Bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹ bá fẹ́ yà sí London láàárín ìrìn, kí ẹ tún padà wọ Paris, físà tó fún yín láyè ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré ò ní gbà yín padà. Èyí tó gba ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà ni kí ẹ béèrè.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa sùn jù lẹ máa béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òru bá dọ́gba nìkan ni ẹ máa lo ti ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ wọlé. Ẹ jẹ́ ká ka ti ìrìn yìí: Faransé mẹ́ta, Jámánì mẹ́rin, Ṣẹ́ẹ̀kì méjì, Ọ́stríà mẹ́ta, Ítálì méjì. Jámánì ló pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ Jámánì lẹ sì máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Paris ni bàálù máa já yín sí. Àwọn kan a máa sáré lọ síbi tí wọ́n gbọ́ pé físà ti ń tètè jáde, wọ́n á wá to ètò ìrìn tí kò bá ibẹ̀ mu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò mọ ìṣirò yìí jù wá lọ.

Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn. Bó bá pẹ́ tán, kó jẹ́ ọjọ́ 15 ṣáájú. Ọjọ́ ìpàdé ni kí ẹ tètè gbà, torí òun gan-an ló ń ṣòroó rí. Láti oṣù Kẹfà 2024, yúrò 90 ni owó físà àgbàlagbà. Wọ́n máa béèrè adójútòfò ìrìn-àjò tó lè san yúrò 30,000 ó kéré tán fún ìtọ́jú àìsàn. Páásípọ́ọ̀tù yín ò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, oṣù mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ kù lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò ní Yúróòpù, ojú ewé méjì sì gbọ́dọ̀ ṣófo nínú rẹ̀. Kálukú ló máa kọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n kí ètò ìrìn yín bára mu, ọjọ́ kan náà, ibùsùn kan náà. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ fi sínú ìwé, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: páàsì ni àbí tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ ẹyọ?

Ibí ni owó pọ̀ sí, ẹ jẹ́ ká rọra gbà á.

Páàsì ni tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí èèyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Interrail, ó ti wà láti 1972. Ti àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù ni, títí kan Ìlú Ọba. Eurail ni ti àwọn tó ń gbé níbòmíràn, bíi Nàìjíríà, Benin tàbí Amẹ́ríkà. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò. Bí ọ̀kan nínú yín bá ń gbé Ìbàdàn, tí èkejì ń gbé London, ọ̀kan á ra Eurail, èkejì á ra Interrail, ẹ ó sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà láìsí wàhálà. Èyí tó gbòòrò jù nínú wọn, Global Pass, ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 33. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tíì kọjá 27 ń rí ẹ̀dínwó gbà.

Ọjọ́ ìrìn ni wọ́n fi ń tà á: ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún tàbí méje nínú oṣù kan, àti àwọn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti aago méjìlá òru, ó sì parí ní méjìlá òru tó tẹ̀ lé e. Láàárín rẹ̀, iye ọkọ̀ tó bá wù yín lẹ lè wọ̀. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ alẹ́ tó gbéra kí aago méjìlá tó lù, ọjọ́ tó gbéra nìkan ló máa jẹ, bí ẹ ò bá ti wọ ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn òru. Ìrìn tiwa, ọjọ́ márùn-ún ló máa gbà: Paris sí Brussels sí Köln lọ́jọ́ kan, Köln sí Berlin, Berlin sí Prague, Prague sí Vienna, Vienna sí Venice.

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ ọ̀nà márààrún sí i. Ẹ lọ wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rìn, lórí ìkànnì àwọn tó ni ọkọ̀ náà fúnra wọn: Eurostar fún Paris sí Brussels, DB fún Jámánì, ČD fún Ṣẹ́ẹ̀kì, ÖBB fún Ọ́stríà. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní apá kejì bébà náà, ẹ kọ owó páàsì, kí ẹ fi owó ìjókòó kún un, torí páàsì nìkan ò tó lórí àwọn ọkọ̀ kan. Eurostar, TGV tó jẹ́ ọkọ̀ ayára ti Faransé, àwọn ọkọ̀ ayára ti Ítálì àti Spain, àti ọkọ̀ alẹ́ gbogbo, ẹ gbọ́dọ̀ sanwó ìjókòó lọ́tọ̀. Eurostar kì í sì í ya ìjókòó púpọ̀ sọ́tọ̀ fún oní-páàsì, nítorí náà ẹ tètè gbà á. ICE, ọkọ̀ ayára ti Jámánì, kò fi dandan lé e. Lórí Brussels sí Köln, ICE ni kí oní-páàsì wá, kó fi Eurostar sílẹ̀.

Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo máa sọ ni pé: bí ọjọ́ yín bá ti dúró, tí ẹ sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, ẹ ra á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọ̀nà márùn-ún ò pọ̀ tó ohun tí páàsì fi ń jèrè. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè dé Prague kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ lo ọjọ́ kan sí i, páàsì ló máa jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú so mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo; bí ẹ bá pẹ́ dé tí ọkọ̀ náà lọ, tíkẹ́ẹ̀tì náà bá a lọ nìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló pẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní Jámánì, bó bá ti hàn pé ẹ máa fi ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ lè fi tíkẹ́ẹ̀tì náà wọ ọkọ̀ mìíràn. Òfin Ìparapọ̀ Yúróòpù sì sọ pé bí ọkọ̀ bá fi wákàtí kan pẹ́ dé, wọ́n máa dá ìdá mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì padà; bó bá tó wákàtí méjì, ìdajì. Ẹ má tijú, ẹ béèrè owó yín.

Ẹni tó bá ní páàsì, inú áàpù Rail Planner ló máa wà, lórí fóònù kálukú. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti fi ìrìn náà sínú áàpù. Bí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bá dé, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri, owó ìtanràn lè tẹ̀ lé e.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣá o: bí ẹ bá fẹ́ yí ìrìn yìí gba Luxembourg, ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì àti tíráàmù ibẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn láti ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2020, àfi ti àwọn tó bá fẹ́ jókòó síbi olówó nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹrù

Àpò ẹ̀yìn kan ẹnì kan, kó má ju lítà 40 lọ. Àpótí oníkẹ̀kẹ́ máa fìyà jẹ yín lórí òkúta ilẹ̀ Prague àti lórí afárá Venice tó jẹ́ àtẹ̀gùn lásán. Aṣọ ọjọ́ márùn-ún tó, ẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ mú adápítọ̀, torí ojú iná ibẹ̀ ò gba ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà àti Ìlú Ọba. Ẹ mú àgádágodo kan ẹnì kan fún kọ́bọ́ọ̀dù họ́sítẹ́ẹ̀lì, páwà báǹkì kan, àti òrí díẹ̀, torí òtútù ibẹ̀ ń gbẹ ara bí ẹ̀ẹ̀rùn. Kílíṣí, ẹran gbígbẹ àti wàrà, ẹ fi wọ́n sílé. Wọn kì í jẹ́ kí arìnrìn-àjò gbé ẹran àti wàrà wọ Ìparapọ̀ Yúróòpù láti ìta, kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á ni.

Ní ti oṣù, oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù. Òtútù ò pọ̀, èrò sì dín kù sí ti àárín ọdún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí a ṣe ń wọ ọkọ̀

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson l'Ékòó lọ sí Ìbàdàn mọ̀ pé wọ́n á yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n á yẹ ẹrù wò, kí èèyàn tó dé pèpéle. Ní Jámánì, Ṣẹ́ẹ̀kì àti Ọ́stríà, kò sí géètì kankan. Ẹ máa rìn wọlé láti ìgboro, ẹ máa dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Èyí túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ kọ́ nìyí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ.

Ní ibùdókọ̀ Jámánì, bébà ńlá aláwọ̀ yólò wà lára ògiri: ti ọkọ̀ tó ń gbéra nìyẹn. Ẹ wá aago yín lórí yólò, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ wá wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ Gleis, pèpéle nìyẹn. Pèpéle gan-an gùn, wọ́n sì fi lẹ́tà A, B, C bẹ́ẹ̀ lọ pín in. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tó fi hàn bóyá abẹ́ lẹ́tà C tàbí F ni kóòṣì yín máa dúró sí. Abẹ́ lẹ́tà yẹn ni kí ẹ lọ dúró. Ẹni tó bá dúró sí òdìkejì, inú ọkọ̀ ló máa ti máa gbé àpò rìn láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ẹ wo iboju kékeré lára ilẹ̀kùn kóòṣì pẹ̀lú, torí àwọn ọkọ̀ kan ń pín sí méjì lójú ọ̀nà, iwájú á lọ sí ìlú kan, ẹ̀yìn á lọ sí òmíràn.

Berlin Hauptbahnhof, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2006, lókè àti nísàlẹ̀ ni: pèpéle 1 sí 8 wà lábẹ́ ilẹ̀, 11 sí 16 wà lókè. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún lè lọ. Ẹ mọ èyí tí ọkọ̀ yín wà kí ẹ tó lọ ra kọfí.

Lórí pátákó, orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pe ìlú wọn lẹ máa rí: Wien ni Vienna, Praha ni Prague, Venezia ni Venice. Ní Brussels, ibùdókọ̀ Bruxelles-Midi àti Brussel-Zuid, ọ̀kan náà ni. Ní Prague, ọkọ̀ láti Berlin lè kọ́kọ́ dúró ní Praha-Holešovice. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Praha hlavní nádraží ló wà nítòsí àárín ìgboro. Ní Venice, Venezia Mestre ló máa kọ́kọ́ yọ, orí ilẹ̀ ló wà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá gba orí afárá gígùn kọjá, tí omi wà lọ́tùn-ún àti lósì yín, ni ẹ tó máa dé Santa Lucia.

Ẹ wà lórí pèpéle ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Wọ́n lè ti ilẹ̀kùn pa ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí aago tó pé, wọn kì í sì í ṣí i fún ẹni tó ń sáré bọ̀. Níbi tí ẹ bá ti máa pààrọ̀ ọkọ̀ ní Jámánì, ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú sáàárín, torí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn wọn ń pẹ́ gan-an.

Tíkẹ́ẹ̀tì bébà ti ọkọ̀ kéékèèké ní Ítálì, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ti ọkọ̀ ìgboro ní Berlin, Prague àti Vienna náà rí bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni tí kò rà á rárá ni wọ́n ṣe máa kà yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ojú ọ̀nà

Láti Paris, Gare du Nord lẹ ti máa wọ ọkọ̀ lọ sí Brussels; kò tó wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ kó àpò sí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń háyà ní ibùdókọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Bruxelles-Central, Grand-Place, gbàgede àárín ìlú náà, ò jìnnà síbẹ̀. Bí oúnjẹ ilé bá ń wù yín, ẹ lọ sí Matonge ní Ixelles, àdúgbò àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi orúkọ Matonge ti Kinshasa pè. Ní Paris, ibi tó bá a dọ́gba ni Château Rouge, lójú ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ nọ́ńbà 4: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, ata rodo, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá wọ̀nyí, ẹ gbé àpò kékeré síwájú àyà, torí gbéwiri pọ̀ níbẹ̀.

Berlin sí Prague ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀nà yìí. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Ẹ gba ìjókòó sílẹ̀, kí ẹ sì jókòó sápá òsì, ní ìhà ibi tí ọkọ̀ ń kọjú sí. Lẹ́yìn Dresden, ọkọ̀ á sún mọ́ odò Elbe, kò sì ní fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òkúta gàgàrà yọrí lókè igbó, abúlé kéékèèké tò sétí omi, ọkọ̀ ojú omi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì lẹ wọ̀, ẹ dìde lọ sí kóòṣì oúnjẹ. Wọ́n ń se oúnjẹ níbẹ̀ gidi: ọbẹ̀ gbígbóná, ẹran pẹ̀lú knedlíky, ìyẹ̀fun tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n gé lẹ́lẹ̀ẹ́lẹ̀, tí a fi ń gbá ọbẹ̀ jẹ. Ẹ jókòó ti fèrèsé, kí ẹ jẹun, kí odò máa kọjá.

Ní ààlà, ọlọ́pàá lè wọlé. Lóòótọ́, Schengen ti mú ẹnubodè kúrò, ṣùgbọ́n Jámánì ti dá àyẹ̀wò padà sí gbogbo ààlà ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2024. Èmi ò ní tan yín: nínú kóòṣì kan tí aláwọ̀ dúdú ò ju méjì lọ, àwọn méjì náà ni wọ́n lè kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí páásípọ́ọ̀tù wà lára yín, kó má ṣe wà nínú àpò tí ẹ gbé sókè. Ẹ nà án sí wọn, ẹ ṣí i síbi físà, ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bá bi yín, ẹ gbà á padà. Ẹ̀tọ́ yín ni láti wà nínú ọkọ̀ yẹn. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní gbogbo ilẹ̀ yìí ni 112.

Vienna sí Venice, ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí ni. Ọkọ̀ alẹ́ wà, ó sì ń dín owó ibùsùn òru kan kù, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kí ẹ bá a lọ. Ọ̀nà náà gba orí òkè Semmering, ojú irin tí Carl Ritter von Ghega la, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1854, tí UNESCO sì fi sára ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 1998. Ẹ máa rí afárá olókùúta alájà méjì, ọkọ̀ á máa yí po ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ ó rí iwájú ọkọ̀ yín láti ojú fèrèsé. Ẹ má sùn kọjá ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: oorun, oúnjẹ àti owó

Kí ẹ tó gba bẹ́ẹ̀dì méjì nínú yàrá èèyàn mẹ́jọ, ẹ wo iye tí yàrá ẹni méjì jẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lè má tó nǹkan, ẹ̀yin nìkan lẹ ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ wá ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibùdókọ̀, kí ẹ sì máa dé ìlú tuntun nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú. Owó orí àlejò wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n lè gbà á lọ́tọ̀. Láti 2024, Venice ń gba owó ìwọ̀lú lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ tó sì jáde nírọ̀lẹ́, láwọn ọjọ́ kan nínú ọdún. Ẹni tó bá sun ibẹ̀ ò ní san án.

Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù máa ń tì ní Jámánì àti Ọ́stríà. Ẹ ra oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé, àbí kí ẹ lọ sí ibùdókọ̀ ńlá, torí ti inú ibẹ̀ ń ṣí. Ní Jámánì, owó sẹ́ǹtì 25 wà lórí ike omi àti agolo. Ẹ dá ike náà padà sínú ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó gba owó yín. Omi ẹ̀rọ Vienna láti orí òkè ló ti ń wá, ó mọ́, ó dùn, ẹ máa pọn ọ́n sínú ike. Ẹ ní owó onírin lápò fún ilé ìyàgbẹ́ ibùdókọ̀. Ti inú ọkọ̀ ò gbowó.

Ṣẹ́ẹ̀kì kì í ná yúrò, koruna ni tiwọn. Bí ẹ̀rọ ATM tàbí ẹ̀rọ káàdì bá béèrè bóyá owó ilé yín ni kó fi ṣírò, ẹ sọ pé rárá, ẹ yan owó ìlú tí ẹ wà. Iye tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣẹ́ owó máa ń wọ́n ju ti báńkì yín lọ. Síìmù tí ẹ bá rà ní orílẹ̀-èdè kan nínú Ìparapọ̀ Yúróòpù ń ṣiṣẹ́ ní ìyókù láìsí àfikún owó, láti 2017. Kí ẹni tó bá mú síìmù Ìlú Ọba wá bi iléeṣẹ́ rẹ̀ léèrè kó tó tan dátà.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, láti Santa Lucia, ẹ gba orí afárá tó wà lápá ọ̀tún lọ sí Piazzale Roma. Bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfurufú Marco Polo ń gbéra níbẹ̀. Ẹ ná owó onírin tán kí ẹ tó débẹ̀, torí àwọn tó ń ṣẹ́ owó kì í gbà á. Ẹ má da rìsíìtì họ́sítẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì nù. Òfin físà Schengen sọ pé ẹni tó bá ti gba físà mẹ́ta láàárín ọdún méjì, tó sì lò wọ́n bó ṣe yẹ, lè gba èyí tó máa jẹ́ kó máa wọlé, kó máa jáde fún ọdún kan gbáko. Ẹ tò wọ́n sínú fáìlì kan pẹ̀lú ètò ìrìn yín, kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá tún ń kọ̀wé béèrè.